Ẹ̀dà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ṣí Wò Rí, Ẹ̀dà Kọ́ O

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó àjẹṣẹ́kù lára owó oṣù yín kẹ́ ẹ tó fojú kàn án, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí wọ́n bá ní orúkọ yín wà nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tún ní àwọn ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, ẹ má tíì sùn. Ẹ bi wọ́n pé: ìgbà wo lẹ ṣí ẹ̀dà yẹn wò gbẹ̀yìn?

Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Láti 1994 ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Àgọ́dì ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò owó, pẹ̀lú ètò ayé ìgbà náà tí wọ́n ń pè ní dBASE. Orí dísíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń da ẹ̀dà kọ sí. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti kú tipẹ́, àmọ́ lẹ́jà tí wọ́n fọwọ́ kọ wà nílẹ̀, ọkàn kálukú balẹ̀. Àfi bí òjò ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, 2011 ṣe dé! Ó lé ní 100 èèyàn tó bá omi lọ n'Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ àgbà ló rántí omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980. Yàrá tí lẹ́jà wa wà, omi kún un dé àyà. Gbogbo ìwé di ẹ̀kọ.

Kò pẹ́ sí i ni opó kan dé. Ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìntì ní 1998, kò gba owó rẹ̀ jáde títí tó fi kú. Páásìbúùkù ti sọnù, owó ilé ìwé ọmọ sì wà nílẹ̀. Kí la fẹ́ wò? Dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin péré, tó ti bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹyọ kan ṣí, àmọ́ ti ọdún mìíràn ni. Bá a bá ti ki àwọn yòókù bọ kọ̀ǹpútà, á ní ṣé kóun fọ́ọ̀màtì ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bẹẹrẹ ló pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbà fún un o! Tẹ́ ẹ bá fọ́ọ̀màtì ẹ̀, ó parí nìyẹn."

Ó nu dísíkẹ́ẹ̀tì náà, ó tì í kí nǹkan kan má lè kọ sórí rẹ̀ mọ́, ó wá ń da ohun tó wà níbẹ̀ kọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí kò bá ṣe é kà, á fò ó. Orí ẹ̀dà tuntun yìí ló ti ṣiṣẹ́, kò fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ mọ́. Ó ní orí fáìlì nìkan ló bàjẹ́, ibi tí dBASE ń kọ iye orúkọ tó wà níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tò ó sí. Àwọn orúkọ àti owó fúnra wọn, lẹ́tà lásán ni, gígùn kan náà ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Ló bá gé orí fáìlì tó ṣí, ó gbé e lé èyí tí kò lórí, ó tún iye orúkọ ṣe.

Nínú oṣù 60 tí bàbá náà fi dáwó, 53 jáde. Ìwé owó oṣù tí ìyàwó rẹ̀ rí nínú àpótí fi mẹ́ta hàn. Mẹ́rin tó kù, ìgbìmọ̀ ní ká ṣírò rẹ̀ bíi ti oṣù tó ṣáájú wọn. Wọ́n san owó ìyá náà.

Ẹ má sì rò pé tiwa nìkan ni. Ní 1998, l'Amẹ́ríkà, wọ́n ṣèèṣì pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fíìmù Toy Story 2 rẹ́ ní Pixar. Ẹ̀dà tí wọ́n gbójú lé kò ṣiṣẹ́. Èyí tí obìnrin kan, Galyn Susman, ní nílé ló yọ wọ́n, torí ó ń tọ́mọ, ilé ló ti ń ṣiṣẹ́.

Torí náà, ẹ ní kí wọ́n máa ṣí ẹ̀dà wò, kí wọ́n gbé òmíràn síbi tí omi ò lè dé. Ẹ̀yin náà, ẹ má ju ìwé owó oṣù yín nù. Òógùn yín ló wà níbẹ̀.