Ìwọ̀ Tó Dúró Jẹ́ẹ́

 

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé agbègbè wa níbí, láti Àjàngbádì títí dé Ìbà àti Okokomáíkò, ẹ mọ̀ pé ariwo ló kún ìgboro wa. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fọn fèrè, kọ̀ńdọ́ ń pe èrò lójú títì Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi l'Ọ́jọ̀ọ́, ẹ máa bá àwọn kan níbẹ̀ tí wọn ò sọ̀rọ̀, tí wọn ò mira. Apẹja oníwọ̀ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí.

Àwọn kan ń ju àwọ̀n, àwọn kan ń dẹ ìgèrè. Ti oníwọ̀ yàtọ̀. Á fi ekòló tàbí edé kékeré sẹ́nu ìwọ̀, á so òjé díẹ̀ mọ́ okùn, á wá rọra sọ ọ́ sẹ́bàá ewé tó bo ojú omi. Ewé yẹn, àwọn àgbà wa ò bá a níbẹ̀ o. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lómi Àgbádárìgì, láti ìhà Benin ló ti wọlé. Ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ ẹja máa ń sá sábẹ́ ibòòji rẹ̀. Tí ìwọ̀ bá ti dé ìsàlẹ̀, apẹja ò ní fà á, kò ní mì í. Á jẹ́ kó sinmi.

Kí ló fà á? Ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹja lọ́tùn-ún lósì, òun ló fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kilẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹja ti gbọ́ ná. Àrọ̀ ní tiẹ̀, omi tó dú ló ń gbé, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Irun ẹnu rẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ. Ìjẹ tó bá dúró sójú kan, òórùn rẹ̀ á tàn nínú omi, àrọ̀ á tọ òórùn náà wá.

Wọ́n mọ èyí lókè òkun náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní bass. Àwọn tó mọ̀ ọ́n pa dáadáa máa ń ju ekòló onírọ́bà sómi, wọ́n á fi sílẹ̀ láìfà, pàápàá nígbà òtútù. Bí omi bá tutù, ara ẹja á lọ́ra, kò ní lè lé ohun tó ń sáré. Èyí tó dúró jẹ́ẹ́ ló máa jẹ.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí rèé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún 19, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì rí i wọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé oníṣẹ̀ṣe ni mò ń gbé, wọ́n ní kí n bi yín. Ṣé kò sí nǹkan tá a lè ṣe tí owó á fi tètè dé?"

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ ò rí nǹkan? Orúkọ burúkú tí ìgboro fún wa ni ọmọ inú ilé wa fẹ́ gbà gbọ́ yẹn.

N ò bá a jà. Lọ́jọ́ Sátidé mo mú un lọ sétí omi. Ní gbogbo ìgbà ló ń gbé ìwọ̀ sókè wò. Bàgbà Ègùn kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Ọmọ, ìwọ̀ rẹ ò tíì délẹ̀ tó o fi ń gbé e. Ìgbà wo ni kí ẹja jẹ ẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lérán. Nígbà tílẹ̀ ń ṣú, àrọ̀ méjì gbé ìwọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn la fi bọ orí rẹ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹnì kan tó ń ju àwọ̀n nítòsí mú epìyà kan tí ẹyin kún ẹnu rẹ̀. Nínú epìyà ọ̀sà wa, akọ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu títí wọn á fi pa, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun lásìkò yẹn. Ọkùnrin náà dá a padà sómi. Ọmọ yìí wo ojú ibẹ̀ títí.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ rántí orúkọ oyè ọba Òṣogbo. Àtaọ́ja, ìyẹn ni Atẹ́wọ́gbẹja. Ìtàn sọ pé Láróòyè tẹ́ ọwọ́, ẹja Ọ̀ṣun sì bọ́ sí i. Títí dòní, a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. A dáfá, a rúbọ, a dúró. Ìdúró náà wà lára ẹbọ. Àmọ́ kì í ṣe ti ọ̀lẹ o: ìwọ̀ tí kò sí ìjẹ lẹ́nu rẹ̀ kò lè pa nǹkan kan, ẹni tó sì sùn lọ ò ní mọ̀gbà tí okùn fà. Ọmọ tó ń retí yunifásítì gbọ́dọ̀ máa kàwé.

Àwọn kan wà tó ń da Gàmálìn sómi kí ẹja lè tètè léfòó. Ó ń pa ńlá, ó ń pa kékeré, ó ń pa ẹyin, májèlé sì ni fẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Bí owó ẹ̀jẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ọmọ náà ti gba fọ́ọ̀mù míì. A ò tíì mọ ibi tó máa já sí, àmọ́ ó ti ń jókòó tì wá lọ́sẹ̀ Ifá. Tí ọmọ yín bá bi yín ní irú ìbéèrè yìí, ẹ má lé e. Ẹ dá a lóhùn nílé, kí ìgboro má bàa dá a lóhùn. Nígbà tá a bá sì pé jọ lógúnjọ́ oṣù August fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ẹ jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wa pé Ìṣẹ̀ṣe ò fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ èèyàn wá owó.

Kí orí wa má jẹ́ ká kánjú kọjá ire wa. Àṣẹ.