Ẹmọ́ òyìnbó tó pá ní Sẹkọna: Wọ́n ní àmì ibi ni, wọ́n ní owó ni, àṣé àìsàn ni

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo rí, á mọ Sẹkọna. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Ìkirè, tẹ́ ẹ yà kúrò lójú títì Ifẹ̀ ní Gbọ̀ngán, tẹ́ ẹ sì ti fi Òde-Òmù sẹ́yìn, ibẹ̀ lẹ máa kàn kẹ́ ẹ tó wọ Ẹdẹ. Ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ náà já síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí oríta yẹn kì í fi í dá. Èyí tó pọ̀ nínú wa ò ṣe ju ká yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, ká ra nǹkan, ká ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń ṣe ọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹranko kan tó lè wọ inú àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Obìnrin kan tá a jọ mọra ló ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ẹmọ́ òyìnbó tí ọmọ òun ń sìn ti bọ́ irun ara ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti pín agbo ilé sí méjì.

Ẹmọ́ òyìnbó kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Òun làwọn tó gbọ́ èdè òyìnbó ń pè ní Guinea pig. Kò tan mọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kò sì wá láti Guinea. Kò nírù bíi ti ẹmọ́ oko, kì í gun nǹkan. Láti àwọn ilẹ̀ olókè bíi Perú àti Bòlífíà ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń sìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bá a ṣe ń jẹ òkété. Àwọn òyìnbó gbé e lọ sílé wọn, wọ́n sọ ọ́ di ẹran ìṣeré ọmọdé, àwọn onímọ̀ ìṣègùn sì fi ń dán oògùn wò. Ó wà lára ẹran tí Robert Koch ará Jámánì lò nígbà tó tú àṣírí kòkòrò ikọ́ ife lọ́dún 1882.

Nígbà tí mo dé ilé náà, mo bá ọmọbìnrin kékeré kan níwájú ìta, páálí bisikíìtì wà lórí itan ẹ̀. “Ẹ káàsán, sà,” ló wí. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbé páálí yẹn sílẹ̀. Mo yọjú wò ó. Ẹ̀yìn ẹran náà ti pá, ìwọ̀nba irun funfun àti pupa ló kù lórí ẹ̀. Awọ ẹ̀ pọ́n, ó le, ó sì ń fẹsẹ̀ ha ara ẹ̀ láìsinmi. Mo ní kí n fọwọ́ kàn án, ó han gooro.

Màmá àgbà tó ń gbé yàrá kejì ní ẹran tó bá ń bọ́ra sí ìhòhò nínú ilé, nǹkan burúkú ló ń bọ̀, kí wọ́n lọ gbé e jù sígbó kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ náà ní rárá o. “Ẹ má gbé e dànù! Owó nìyẹn o! Irú ẹ̀ làwọn olówó ń sìn lókè òkun.” Ló bá ṣí fóònù ẹ̀, ó fi fọ́tò kan hàn mí. Lóòótọ́, ẹmọ́ òyìnbó tí kò nírun ni.

Ẹ̀gbọ́n ò parọ́. Lọ́dún 1978, nílùú Montreal ní Kánádà, ní Armand-Frappier Institute, ni wọ́n rí i tí wọ́n bí àwọn kan láìnírun láàárín àwọn ẹmọ́ òyìnbó. Nígbà tó di 1982, wọ́n ti ń sin irú wọn fún ìwádìí àrùn awọ ara. Ìgbà tó yá làwọn èèyàn mú un wọlé, tí wọ́n ń pè é ní Skinny pig. Ẹ̀yà mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Baldwin, Amẹ́ríkà nìyẹn ti jáde.

Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Skinny pig kì í nírun láti inú ìyá ẹ̀ wá, àfi díẹ̀ létí ẹnu àti lẹ́sẹ̀. Baldwin nírun tí wọ́n bá bí i, àmọ́ á ti re tán kó tó tó nǹkan bí oṣù méjì. Awọ àwọn méjèèjì máa ń dán ni, kì í yún wọn. Mo wá bi ọmọ náà pé ọdún mélòó ni ẹran ẹ̀. Ó ní ó ti lé lọ́dún kan, irun ẹ̀ kún dáadáa nígbà tí wọ́n rà á. Mo ní ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìran olówó lèyí o, ara ẹ̀ ò yá ni.

Ká tiẹ̀ ní ojúlówó ni, ṣé ẹ rò pé ó rọrùn láti sìn? Irun laṣọ ẹranko. Èyí tí kò ní, òtútù ọyẹ́ á mú un, oòrùn ọ̀sán á jó awọ ẹ̀, á sì máa jẹun ju ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ lọ kí ara ẹ̀ lè gbóná. Ẹni tó bá ra ẹran tí kò láṣọ, òun fúnra ẹ̀ ló di aṣọ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé páálí náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan l'Óṣogbo. Ó ha awọ ẹ̀ díẹ̀, ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, ló bá ní kòkòrò tíntìntín tó ń gbẹ́lẹ̀ sínú awọ ni. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó dá wa lọ́jọ́ pé ká tún padà wá. Ó ní ká tún kíyè sí oúnjẹ ẹ̀, torí ẹmọ́ òyìnbó dà bí èèyàn, ara ẹ̀ ò lè dá fítámì C ṣe. Tí wọ́n bá ń fún un ní gàrí àti búrẹ́dì nìkan, oríkèé á máa dùn ún, irun ẹ̀ á sì bà jẹ́. Koríko tútù ni kó pọ̀ jù, kí wọ́n fi tàtàṣé tàbí ọsàn díẹ̀ kún un. Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án fọwọ́ dáadáa, nítorí irú wọn lè kó làpálàpá ran ọmọdé.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà sí Sẹkọna lọmọ náà ti fà mí láṣọ. “Bọ̀ọ̀dá, tí irun ẹ̀ ò bá wá hù mọ́ ńkọ́?”

Ìyá ẹ̀ ló dá a lóhùn kí n tó lanu. “A ó máa sìn ín bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣé torí irun la ṣe rà á ni?”

Lọ́sẹ̀ kẹrin, wọ́n pè mí lórí fóònù. Irun ti ń yọ lẹ́yìn ẹ̀, ó rí wúruwùru bíi ti ọmọ tuntun. Màmá àgbà ni wọ́n ní ó ń já koríko fún un báyìí láràárọ̀.