Wákàtí Mẹ́fà sí Paris

Ní kíláàsì wa ní Banigbé, a máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé rúlà lé máàpù, kí wọ́n fa ìlà láti Kútọnu dé Paris. Ẹnu máa ń yà wọ́n, nítorí ìlà náà kì í yà sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni kì í yà sósì. Àríwá Kútọnu gan-an ni Paris wà. Ẹni tó bá kọjú sí àríwá láìyẹsẹ̀ yóò la ilẹ̀ Benin já, yóò gba Niger, Mali àti aṣálẹ̀ Sàhárà ní Algeria kọjá, yóò sì ré òkun Mẹditaréníà kó tó dé Faransé.

Lẹ́yìn náà, a ó ṣírò. Bí a bá yí ayé po, ó tó bíi 40,000 kìlómítà. Bí a bá pín in sí dígírì 360, dígírì kan jẹ́ bíi kìlómítà 111. Kútọnu wà ní dígírì 6 àti díẹ̀, Paris sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 49. Ohun tó wà láàárín wọn jẹ́ bíi 4,700 kìlómítà. Ọkọ̀ òfurufú ńlá ń sá bíi 850 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí a bá fi àkókò ìgbéra àti ìbalẹ̀ kún un, ó di wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀. Ní ìgbà òtútù wọn, aago tiwọn àti tiwa kò tilẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ìṣirò yìí tó wa títí di ọjọ́ tí bàbá wa fi ayé sílẹ̀. Paris ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà ń gbé. A pè é ní òru, a sì ń retí rẹ̀, nítorí wákàtí mẹ́fà náà ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti tán, tuntun kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó bá jáde, kò dá a lójú pé yóò rí ọ̀nà padà sẹ́nu iṣẹ́ tó fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Òun ni dáwódù, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí sàárè. Àbúrò rẹ̀ ló dúró fún un. A sì gbé fóònù sókè kí ó lè máa wò wá. Àwọn àgbà ní àjò kò lè dùn títí kí onílé má re ilé. Wọn kò sọ ohun tí onílé yóò ṣe bí wọ́n bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn àjò mọ́ ọn lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Létí ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1889 ni a ń gbé, àwọn ìbátan wa sì wà ní òdìkejì. Nígbà tí Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ilé àna tí a ń fi alùpùpù dé láìpẹ́ di ọ̀nà jíjìn.

A kò ṣíwọ́ kíkọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò náà, nítorí kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ wákàtí mẹ́fà sílẹ̀ tán, a máa ń bi wọ́n pé: ta ni ó lè fi wákàtí mẹ́fà lọ, ta ni ó sì lè fi í bọ̀?

Ìyá wa kò mọ kìlómítà. Bí ẹ̀gbọ́n wa bá pè, kì í béèrè bí Paris ti jìn tó. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń béèrè: “Ọmọ mi, ọjọ́ wo lò ń bọ̀?”