Nottingham: Ìlú Àwọn Ọmọ Ogun Orí Tábìlì

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní London tí ó dorí kọ àríwá, kì í tó wákàtí méjì tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ ní Nottingham. Ère Robin Hood ń fa ọrun lẹ́bàá ògiri ilé-olódi tó wà lórí àpáta ìlú náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo bá lọ. Ogun orí tábìlì ni mo lọ wò.

Àdúgbò Lenton ni olú ilé-iṣẹ́ Games Workshop wà, àwọn tí wọ́n gbé eré Warhammer jáde ní 1983. Ènìyàn méjì a to ọmọ ogun oníke sójú tábìlì. Wọn a fi rúlà wọn ìrìn wọn, wọn a sì ju dáìsì láti mọ ẹni tó ṣubú. Ojú ogun tí wọ́n fi ọwọ́ kùn kún ilé àfihàn wọn, ó sì wu ojú rí. Owó rẹ̀ ni kò kéré. Ọ̀dọ́ tí kò ní lọ́wọ́ lè dúró sẹ́yìn gíláàsì máa wòran títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọ̀nà mìíràn wà, ó sì ti pẹ́. Nígbà tí Warhammer 40,000 jáde ní 1987, ọ̀pọ̀ òṣèré fúnra wọn ni wọ́n ń gé ike tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́. Kódà, White Dwarf, ìwé ìròyìn ilé-iṣẹ́ náà, kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ike lọ́fínńdà abíyá tó ti tán ṣe ọkọ̀ ogun. Lónìí, ọ̀pọ̀ ń ra ọkọ̀ ogun oníke ti Airfix tàbí Tamiya, tí owó rẹ̀ sábà máa ń dínkù, wọn a sì tún un ṣe.

Ìṣirò ló ṣáájú. Bí a bá dín ènìyàn tó ga ní mítà 1.75 kù sí 1/72, yóò ku mìlímítà 24. Ní 1/48, yóò jẹ́ 36. Ní 1/35, yóò jẹ́ 50. Àwọn ọmọ ogun eré yìí ga tó nǹkan bíi 28 sí 32, ṣùgbọ́n orí àti èjìká wọn tóbi ju bó ti yẹ lọ. Nítorí náà ni ọkọ̀ 1/48 fi ń bá wọn mu. Ihò tí awakọ̀ ń gbà wọlé ni ojú fi ń mọ bí ọkọ̀ ti tóbi tó: bí èjìká ọmọ ogun kò bá gba ibẹ̀, àṣírí tú. A ó gé e, a ó fi ike pẹlẹbẹ ṣe èyí tó fẹ̀ jù ú lọ. Ìdí bírò tó ti tán á di ẹnu ìbọn, okùn gìtá á di wáyà. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà kan ṣoṣo ni a ó kọ́kọ́ fi bo gbogbo rẹ̀, kí ojú oríkèé má baà hàn.

Èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ Kétu. Agbẹ́gilére tó gbé alùpùpù tàbí ọkọ̀ òfuurufú lé orí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ bí a ṣe ń sọ ohun àjèjì di tẹni.

Kí a má tan ara wa jẹ: àwọn ìdíje kan kì í gba ère tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ni eré. Ẹ béèrè òfin kí ẹ tó mú ọ̀bẹ. Láàrin ọ̀rẹ́, àdéhùn ni òfin. Ẹ fi ọkọ̀ náà han alátakò yín kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó kéré jù rọrùn láti fi pamọ́.

Nígbà tí mo ń padà, páálí kékeré kan wà lábẹ́ apá mi: ọkọ̀ ogun 1/48 kan. N kò tíì mọ ohun tí yóò dà. Bírò mẹ́ta tó ti tán ń dúró dè é nílé.