Gààrí ni àbí gàrí? Ẹnu ò kò lórí orúkọ oúnjẹ ní Gbàgádà!

Ẹ wá gbọ́ o! Ebi ń pa ọkùnrin méjì ní bùkà kan ní Gbàgádà, wọn ò tíì ṣan ọwọ́ tí wọ́n ti ń jà. Èyí àkọ́kọ́ ní kí wọ́n bu gàrí fún òun kí òun rí nǹkan mu. Èkejì ní irọ́ ni, gààrí ló ń jẹ́, ó gbọ́dọ̀ fa ohùn rẹ̀ gùn. Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn, ọmọdékùnrin tó ń fọ abọ́ bá dá sí i, ó ní “gàárì” ni. Gbogbo bùkà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó tètè lọ wá ẹṣin tí yóò dì ní gàárì, torí èyí tóun dárúkọ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi omi tútù àti ẹ̀pà mu.

Ká sòótọ́, ọkùnrin méjèèjì ló jàre. Ẹnu Èkó a máa gé ọ̀rọ̀ kúrú, gàrí lọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ Yorùbá nílé ìwé ló ń fà á. Láyé àtijọ́, àmì kan tó wọ́ bí ejò ni wọ́n máa ń gbé lé orí fáwẹ̀lì tí ohùn rẹ̀ bá gùn. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, wọ́n ní kí wọ́n pa àmì yẹn tì, kí wọ́n kọ fáwẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀mejì. Haúsá tó bá ń gbọ́ ìjà yìí á kàn rẹ́rìn-ín ni, torí ìyẹ̀fun lásán ni “gari” lédè tiwọn. (Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó kọ lẹ́tà.)

Èyí ṣì jẹ́ àwàdà. Ibi tó ti ń dunni wà níwájú.

Obìnrin kan wà ládùúgbò náà, ọmọ apá Ọ̀yọ́ ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú ewé ló ń tà. Ọ̀ọ̀lẹ̀ ni ìyá tó bí i lọ́mọ ń pè é, ohun tóun náà sì ń pè é nìyẹn. Ó dé Gbàgádà, ó gbé igbá karí, ó ń kiri: “Ọ̀ọ̀lẹ̀ gbígbóná rè é o!” Làwọn ọmọ àdúgbò bá ń dá a lóhùn: “Ìyá, ta lẹ̀ ń pè ní ọ̀lẹ?” Òmíràn ní olè lòun gbọ́, ó bá ṣe bí ẹni fẹ́ sá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni ojú wá ń tì jù. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wí pé mọ́ínmọ́ín bíi tàwọn yòókù.” Màmá gbà. Mọ́ínmọ́ín ló ń kiri báyìí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò lọ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀, àwọn tó fi í ṣẹ̀sín gan-an ò tíì fẹnu kò. Àwọn kan ní móínmóín, àwọn kan ní mọ́yìnmọ́yìn!

Ohun táwọn ọmọ yẹn ò mọ̀ ni pé orúkọ tí ìyá náà ń pè ti rìn jìnnà. Lọ́gọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú sílẹ̀ lójú omi, wọ́n á kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Ọ̀kan nínú wọn ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Títí di òní, bí àwọn ará Sàró bá pọ́n ẹ̀wà lílọ̀, “olele” ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá dín in, àkàrà ni. Àwọn tí ọkọ̀ ẹrú gbé dé Bàhíà ní Bràsíl náà ò gbàgbé àkàrà, wọ́n kàn so “jẹ” mọ́ ọn nídìí ni, ó di “acarajé.” Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Kò sẹ́ni tó ní ẹnu wọn wúwo.

Ẹ tiẹ̀ wo ọjà Mile 12 tí kò jìnnà sí Gbàgádà. “Albasa” ni Haúsá ń pe àlùbọ́sà, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá làwọn náà ti rí i. “Tattasai” ni wọ́n ń pe tàtàṣé. Yorùbá ti yí ẹnu sí méjèèjì, àwọn tó ń já a láti ọkọ̀ Òkè Ọya ò sì torí ẹ̀ kọ̀ láti tà á.

Láàárín ọmọ Yorùbá síra wọn ni ẹ̀gàn pọ̀ sí. Ará Ìbàdàn ní isu, wọ́n ní kò lè pe “ṣ.” Ọmọ Èkìtì ní uṣu, wọ́n ní ará oko ni, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ti ń pè é láti ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ kékeré tí wọ́n bá ti fi uṣu rín ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kì í pè é ní uṣu mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í pè é ní iṣu. “Yam” ló máa ń wí. Bó bá délé tó ní, “Mummy, I want yam,” ìyá rẹ̀ tó dàgbà sí Èkìtì á ní, “Yam ti tán.”