Ọjọ́ Kan Ṣoṣo ní Itaparica

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kò kúrò lẹ́nu wa láti ìgbà tí a ti padà dé láti ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Àwa ènìyàn 22 láti Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ni a jọ lọ. Ọ̀sẹ̀ kan ni a lò níbẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni a sì yà sọ́tọ̀ fún erékùṣù Itaparica. Ọjọ́ yẹn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ohun tí ó kọ́ wa kan ilé wa níhìn-ín pẹ̀lú.

Kí ni a ń wá lọ sí Itaparica? Òun ni erékùṣù tí ó tóbi jù lọ nínú apá òkun tí àwọn Potogí sọ ní Baía de Todos os Santos, nítorí pé ọjọ́ àjọ̀dún gbogbo àwọn ẹni mímọ́, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1501, ni wọ́n wọ inú rẹ̀. Àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun gbé awo Egúngún dé ibẹ̀, àwọn ọmọ wọn kò sì jẹ́ kí ó parun. Ilé awo kan tí òkìkí rẹ̀ kàn níbẹ̀, Ọmọ Ilé Agboulá, wà ní orí òkè ní Ponta de Areia. Ní ọdún 2015 ni ìjọba Bràsíìlì kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà.

Ní Itaparica kan náà ni Deoscóredes Maximiliano dos Santos, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Mestre Didi (1917–2013), ti wọ awo Egúngún láti ìgbà èwe. Kò yẹ kí ará Kétu gbàgbé ọkùnrin yìí. Ní ọdún 1967, ó wá sí Kétu, ó ki oríkì ìdílé rẹ̀ níwájú Alákétu, oríkì náà ni wọ́n sì fi mọ̀ pé ọmọ ilé Aṣípa ni. Wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí oríkì gbà lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò wá mọ ìdí tí ọkàn wa fi wà ní erékùṣù yẹn. Bàbá àgbà kan wà láàárín wa, ọmọ agboolé Egúngún ní Kétu, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti rán an pé kí ó bá wọn kí àwọn tí ó wà lókè òkun. Torí iṣẹ́ yìí ni ó ṣe gbà láti wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ṣùgbọ́n ètò ìrìn náà kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán ni. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a wọ ọkọ̀ onígbòkun kan ní èbúté Salvador. Orin ń dún kíkankíkan, wọ́n ń pín ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. A kọ́kọ́ dúró ní erékùṣù mìíràn, Ilha dos Frades, fún wákàtí kan ààbọ̀, kí àwọn tí ó fẹ́ lè wẹ̀, kí a sì ya fọ́tò. Nígbà tí a fi máa dé Ponta de Areia, oòrùn ti kan àtàrí. Ọkọ̀ ńlá kò lè dé iyanrìn. Ọkọ̀ kéékèèké ni ó ń kó wa díẹ̀díẹ̀ dé èbúté. Wákàtí méjì ni wọ́n fún wa, oúnjẹ ọ̀sán sì wà nínú rẹ̀.

A bèèrè ọ̀nà òkè lọ́wọ́ amọ̀nà wa. Ó ní kò sí nínú ètò, àti pé ọkọ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní a ti san owó oúnjẹ, ebi sì ń pa àwọn ọmọ. Àwọn kan ní kí ni a ó wí nígbà tí a bá délé? Bàbá jẹ́ kí gbogbo wa sọ tẹnu wa tán. Ó wá ní: “Ẹni tí ebi ń pa, kí ó jẹun. Èmi ò lè dé ẹnu ọ̀nà onílé kí n má kí i.” Àwa méje ni a bá a lọ.

Lẹ́bàá ọ̀nà, obìnrin kan tí ó wé gèlè funfun ń din àkàrà nínú epo pupa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú wa tí ó gbọ́ èdè Potogí díẹ̀ sọ ibi tí a ń lọ fún un. Obìnrin náà wo oòrùn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Alẹ́ ni àwọn Bàbá ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọkọ̀ wá, kí ilẹ̀ tó ṣú lẹ ti ń lọ.”

Nínú gbogbo ohun tí a gbọ́ ní Bahia, ọ̀rọ̀ yìí ni ó wọ̀ wá lára jù. Ìrìn àjò tí ó gbọ́dọ̀ parí kí oòrùn tó wọ̀ kò lè pàdé ohun tí ó ń jí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Bí a tilẹ̀ lọ ní ìgbà ogún báyìí, etí òkun náà ni a ó máa rí.

A dé òkè. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Bàbá dúró lókèèrè, ó ké “Àgò o!” Ọkùnrin àgbàlagbà kan jáde sí wa. Kò gbọ́ Yorùbá tí a fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ki Egúngún, ó ṣí fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun pẹ̀lú gbé orin kan. Ohùn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti yí díẹ̀, síbẹ̀ Bàbá gbé e. A kò wọlé, a kò sì ya fọ́tò. Ó fún wa ní omi mu. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí a fi ní láti máa padà. Ohun tí ó sọ kẹ́yìn ni pé kí a padà wá, kí a wá sùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé wa náà. Àwọn àlejò máa ń ti Kútọnu wá sí Kétu, wọ́n á dúró níwájú Àkàbà Ìdènà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tún wọ ọkọ̀. Ní Àjàṣẹ́, wọ́n á wo mọ́sálásí àtijọ́ tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, wọn kò ní bá ọmọ Agúdà kan jókòó. A máa ń rò pé àwọn àlejò yìí kò bìkítà. Lẹ́yìn Itaparica, a mọ̀ pé ètò ìrìn ni ó sábà máa ń di ojú wọn. Ó kù sọ́wọ́ àwa onílé láti sọ fún wọn pé ibùsùn wà, kí wọ́n dúró di alẹ́.

Ìdí nìyí tí a fi gbé àbá mẹ́ta kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Bí a bá tún ń lọ, kí a kọ̀wé ṣáájú sí àwọn onílé awo, kí a tọrọ àyè. Kí a sùn ní erékùṣù náà, ó kéré tán òru méjì. Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀, kí ó kọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ títí yóò fi lè kì í láìwo ìwé.