Kí Ara Ó Lè Fúyẹ́ ní Tatonnonkon

Ní Tatonnonkon àti ní àwọn abúlé yòókù tó yí Adja-Ouèrè ká ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá fà wọlé kì í rí ẹni kí i kú oríire. Ohun tí wọ́n máa ń bi í ni pé ṣé kò sí nǹkan. Bó bá jẹ́ obìnrin tó wà nílé ọkọ, ọ̀rọ̀ náà á dé etí àna, wọn á sì máa wo ọkọ bí ẹni tí kò tọ́jú aya. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, àrùn kògbóògùn ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ lọ. Àwọn òbí wa mọ àsìkò tí àgbàdo èṣí ti tán nínú àká, tí tuntun kò sì tíì gbó lóko. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń dán lásìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní lọ́wọ́ ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èrò yìí. Ìyà ló kọ́ wa.

Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ojúgbà mi lónìí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti orúnkún tí kò jẹ́ kí èèyàn dìde lórí àpótí ni mo ń gbọ́ jù. Púpọ̀ nínú wọn ti gbìyànjú láti fọn. Wọ́n á gbààwẹ̀ títí ojú á fi máa ṣú wọn, wọ́n á ra àgbo tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn polówó ní gáréèjì, èyí tí wọ́n ní ó ń yọ ọ̀rá inú. Àgbo bẹ́ẹ̀ á mú èèyàn yàgbẹ́ títí. Omi ló jáde lára, kì í ṣe ọ̀rá. Kílò ọ̀rá kan tó wà lára èèyàn ní agbára tó tó nǹkan bí 7,700 kálórì nínú, kò sì sí ìgbẹ́ gbuuru tó lè gbé ìyẹn lọ láàárín alẹ́ ọjọ́ kan.

Ìsanra fúnra rẹ̀ kò dé lójijì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Abọ́ ọkà tí bàbá wa ń jẹ kó tó lọ ro ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ lásìkò òjò, irú abọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ tó ń fi alùpùpù ná ọjà Ikpinlè ń jẹ, kò dín in kù. Búrẹ́dì àti kọfí tí wọ́n da mílíìkì alágolo aládùn sí wá dé lójú títì láàárọ̀. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò di ohun tí a fi ń ṣe àlejò; ìgò kékeré kan tó jẹ́ sẹ̀ntílítà 33 sì lè ní nǹkan bíi gíráàmù ṣúgà 35 nínú. Epo ńkọ́? Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ ti wà ní Pọ́bẹ̀ nítòsí wa níbí, kò sì sí ilé tí epo pupa ti ṣọ̀wọ́n. Epo dára, ó ń fún ojú ní ohun tó ń fẹ́. Síbẹ̀ ṣíbí ńlá kan rẹ̀ ní kálórì tó tó 120, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ni a sì ń fi wọ̀n ọ́n sínú ìkòkò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ láti ọjà dé ọjà ní agbègbè yìí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò kò ní kó má jẹ ọkà mọ́. Ó kàn bi í pé kí ló máa ń mu bó bá jókòó sọ́jà láti òwúrọ̀. Ẹlẹ́rìndòdò ni. Nọ́ọ̀sì ní kó lọ fi omi rọ́pò rẹ̀, kó má tíì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ìgbà tí ọkàn ẹ̀gbọ́n mi kò fà sí ìgò náà mọ́ ni ọ̀rọ̀ tó kan epo: kó máa fi ìpọnbẹ̀ wọ̀n ọ́n sínú ọbẹ̀, kó má da á láti inú kẹ́ẹ̀gì mọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó kan ọkà fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, abọ́ kò yí padà. Ẹ̀fọ́ gbọ̀mà tàbí ọ̀ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ ń bù, pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí ẹja, ibi tó bá ṣẹ́kù ni ọkà ń gbà. Ní ìkẹyìn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lórí zemidjan, alùpùpù akérò, ní ìta ìlú, tí á fi ẹsẹ̀ rìn délé. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò ṣe gbogbo rẹ̀ papọ̀ kó lè yá. Ó ní, “Àbúrò, bí mo bá gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ náà ni màá sọ̀ lẹ́ẹ̀kan.”

Ọgbọ́n tó wà nínú èsì yẹn jinlẹ̀ ju bí ó ti mọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé ẹni tó bá fọn díẹ̀díẹ̀ kì í sanra padà bí ẹni tó yára fọn. Àwọn oníwàádìí kan ní Melbourne, ní Ọsirélíà, dán èyí wò lára àwọn èèyàn bí igba. Wọ́n mú kí apá kan fọn láàárín ọ̀sẹ̀ 12, kí apá kejì ṣe é ní ọ̀sẹ̀ 36. Wọ́n gbé èsì jáde ní ọdún 2014. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, apá méjèèjì ti gba nǹkan bí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n sọ nù padà. Àwọn tó rọra ṣe é kò sàn ju àwọn tó yára lọ. Nítorí náà, kì í ṣe bí kílò ṣe ń rọra lọ ló níye lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí kò ṣe ìṣe ojoojúmọ́ tó ti di bárakú, tí èèyàn kò fi agbára ṣe mọ́. Ìṣe bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè dé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn èèyàn tó ń gbìyànjú láti sọ ìwà kékeré kan di bárakú, irú bí kí wọ́n jẹ èso lọ́sàn-án. Ìwádìí wọn tó jáde ní 2010 fi hàn pé ọjọ́ 66 ni ó sábà ń gbà, ṣùgbọ́n ó yá fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ 18, ẹlòmíràn a sì lò ju ọjọ́ 250 lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó dúró kí omi borí ẹlẹ́rìndòdò kó tó kan epo, ọ̀nà tó gbà yìí ni ó tọ̀nà.

Èrè rẹ̀ sì wà, kò sì dìgbà tí èèyàn bá tẹ́ẹ́rẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi gígùn èèyàn ní mítà pín kílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: èsì tó bá dé 25, ó ti sanra jù, tó bá dé 30, ìsanra àìsàn ni. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60, tó sì wọn kílò 80, ti kọjá 31. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2002 kó èèyàn tó lé ní 3,000 jọ, àwọn tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Ohun tí wọ́n ní kí apá kan wọn máa lépa ni kí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn lọ, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó mú àwọn wọ̀nyí fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn ẹ̀tàn tí kò ní agbára kankan. Oògùn metformin tí wọ́n fún apá mìíràn dín in kù ní ìdá 31. Fún obìnrin wa oníkílò 80, ìdá méje kò tó kílò mẹ́fà. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tó bá rí i kò lè pè é ní ẹni tó rù.

Bí èèyàn bá bi àwọn àgbà Tatonnonkon, alùpùpù ni wọ́n á dá lẹ́bi. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni àwọn fi ń lọ oko, orí ni àwọn fi ń pọnmi, ọwọ́ ni àwọn fi ń lọ àgbàdo, kí ẹ̀rọ ìlọta tó dé. Òótọ́ ni, mi ò sì gbàdúrà kí obìnrin kankan padà sídìí ọlọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tí gbogbo ọmọ Yorùbá yẹ kó gbọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti Ìbàdàn àti Amẹ́ríkà wọn agbára tí àwọn obìnrin Igbó-Ọrà àti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ti Maywood, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, ń fi iṣẹ́ ara sọ nù lójúmọ́. Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní 2008. Àwọn ti Maywood sanra ju àwọn ti Igbó-Ọrà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti ro títóbi ara mọ́ ọn, agbára tí apá méjèèjì ń lò fún iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èyí sọ fún wa pé ohun tó ń wọ ẹnu ló tẹ̀wọ̀n jù. Ìrìn wúlò fún ọkàn, fún ẹ̀jẹ̀, fún oorun, ó sì ń ran ẹni tó ti fọn lọ́wọ́ kó má baà sanra padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rin wákàtí kan, tó wá fi ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì ti ara rẹ̀ lẹ́yìn, ti mu ohun tó fi rìn.

Ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni òpin ọ̀sẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ Benin níbí, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, ayẹyẹ òkú á bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn òkú kan kò ní tíì tutù kí ti òmíràn tó dé. Ìrẹsì, ẹran díndín, bíà, sódabì. A kì í kọ oúnjẹ olókùú, àbùkù ni. Ohun tí mo ń ṣe ni kí n tètè dé, kí n bá àwọn tó ń bù oúnjẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀yin ìyá, ẹ bu díẹ̀ fún mi, màá padà wá.” Kò sí ìyá tó ń bínú sí ẹni tó ní òun á padà wá. Mo jẹ, mo kí olókùú, ojú kò ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dìde pé òun kì í jẹ ìrẹsì mọ́ láéláé, ilé olókùú àkọ́kọ́ ló máa bà á jẹ́ fún un.

Ìkòkò kan náà ni ilé kan ń jẹ. Bí ìyàwó bá dín epo kù, ọkọ jẹ ẹ́, ọmọ jẹ ẹ́, ìyá ọkọ náà jẹ ẹ́. Nítorí èyí ni mo fi gbà pé kò yẹ kí a gbé ẹrù yìí ru obìnrin nìkan, kí ọkọ máa bèèrè ìdí tí ọbẹ̀ kò fi dán bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá àìsàn ló ń gbé e gbẹ, télọ̀ ti fún bùbá rẹ̀ sínú. Ó ní, “Rárá o, Ìyá, ara mi yá ju tẹ́lẹ̀ lọ,” ọkọ rẹ̀ sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ni ó pa ẹnu àdúgbò mọ́.

Ẹ kò nílò òṣùwọ̀n nílé. Tẹ́ẹ̀pù télọ̀ tó: bí àyíká ikùn obìnrin bá kọjá sẹ̀ntímítà 88, tàbí ti ọkùnrin kọjá 102, ewu ti pọ̀ gan-an. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú ohun tí ẹ ń mu tàbí tí ẹ ń jẹ, kí ẹ yí i padà, kí ẹ sì dúró kó mọ́ yín lára kí ẹ tó mú òmíràn. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí ẹ tó dín oúnjẹ kù, nítorí ìwọ̀n oògùn tó bá ara yín mu tẹ́lẹ̀ lè pọ̀ jù fún ara tó ti fúyẹ́.